Nígbà Tí Ilé Bá Dàrú: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ajá àti Ológbò Tí Ọkàn Wọn Kò Balẹ̀

Bí ìjà bá ń lọ nínú ilé, tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀, tàbí tí à ń di ẹrù láti kó kúrò ní Gàá-Akanbi lọ sí Tanke ní Ìlọrin, ọmọ ni a kọ́kọ́ máa ń wò, lẹ́yìn náà àgbà. Ajá tó wà lẹ́yìnkùlé àti ológbò tó wà lábẹ́ àga, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni rántí wọn. Ó di ọjọ́ kẹta tí ajá bá ti jẹ bàtà bàbá, tàbí tí ológbò bá ti tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí a tó rántí, pàṣán ni a sì máa ń mú. Fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́sọ́nà yìí wà. Ẹranko tó ṣe ohun tí kò ṣe rí lásìkò tí ilé kò tòrò, ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí kí ara rẹ̀ má yá. Kò gbẹ̀san lára ẹnikẹ́ni, kò sì fi ìkà ṣe é. Orí èyí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dúró lé.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀

Ajá ń gbọ́ ìró tó tínrín ju èyí tí etí èèyàn lè mú lọ. Ti ológbò tún ju ti ajá lọ. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ìbínú tì gbàù, àwo tó fọ́ ní kíṣìnì, ohùn tó ń gòkè: gbogbo rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn ní kíkún. Imú wọn náà kò sùn. Ní 2022, àwọn onímọ̀ ní Queen's University Belfast gba òógùn àti èémí lára àwọn èèyàn, wọ́n fún wọn ní ìṣirò líle ṣe kíákíá, wọ́n sì tún gba òógùn àti èémí náà lẹ́yìn ìdààmú yẹn. Àwọn ajá tí wọ́n ti kọ́ fi imú yan èyí tó jẹ́ ti ìdààmú ju ìgbà mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, kí tọkọtaya máa jà ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú yàrá kò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún ajá tó sùn sẹ́nu ọ̀nà.

Ìdààmú tó pẹ́ tún burú ju ti ọjọ́ kan lọ. Ní 2019, ní Yunifásítì Linköping ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n wọn cortisol, ìyẹn hòmóònù tí ara máa ń tú jáde nígbà wàhálà, nínú irun ajá àti irun olówó rẹ̀. Èyí tí olówó rẹ̀ ti wà nínú ìdààmú fún oṣù púpọ̀, irun ajá náà sábà máa ń fi irú rẹ̀ hàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ bó ṣe rí lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan

Ẹni tí kò mọ bí ajá rẹ̀ ṣe ń jẹun lọ́jọ́ àlàáfíà kò lè mọ̀ pé kò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀ fún ọjọ́ méje: iye oúnjẹ tó jẹ, iye omi tó mu, ìgbà tó tọ̀ àti ibi tó tọ̀ sí, ibi tó ń sùn, àti iye èémí rẹ̀ lójú oorun.

Èémí ni àwọn èèyàn kì í kà, bẹ́ẹ̀ òun ló sì wúlò jù. Bó bá ti sùn wọra, ẹ ka iye ìgbà tí ìhà rẹ̀ gbéra fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ajá tàbí ológbò tí ara rẹ̀ dá kì í sábà kọjá 30 ní ìṣẹ́jú kan lójú oorun. Ẹ tún ṣí ètè rẹ̀ wo èrìgì: ó yẹ kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí èrìgì ajá yín bá dúdú láti ìbí, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wo inú ibẹ̀.

Ẹ ro ti ojú ọjọ́ mọ́ ọn. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, tí Ìlọrin bá ń gbóná, ajá tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lábẹ́ páànù ní aago méjì ọ̀sán, ooru ló ń mú un. Èyí tó ń mí bẹ́ẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí nígbà tí ilẹ̀ tutù, ẹ̀rù tàbí ìrora ni. Ti ológbò yàtọ̀: ológbò tó la ẹnu mí bí ajá nígbà tí kò sáré, ẹ má dúró wò ó, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn

Ibi yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ, torí pé àìsàn kan wà tó jọ ìbínú, òmíràn sì jọ ìbẹ̀rù.

Dìgbòlugi ni àkọ́kọ́. Ajá jẹ́jẹ́ tó di oníjà lójijì, tàbí ajá ẹhànnà tó ṣàdédé ń rọ̀ mọ́ èèyàn. Kí ohùn rẹ̀ yí padà, kí itọ́ máa dà, kí ó má lè gbé omi mì, kí àgbọ̀n rẹ̀ já wálẹ̀ tàbí kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa wọ́: ẹ jìnnà sí i, ẹ tì í mọ́ ibì kan bí ẹ bá lè ṣe é láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko. Ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu láti wò bóyá egungun há a lọ́fun. Àṣìṣe yìí ti kó ọ̀pọ̀ sínú ewu. Bí ajá tàbí ológbò bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi irun ajá tó buni jẹ dì í. A máa ń ṣọ́ ajá náà fún ọjọ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kí ẹni tí wọ́n bù jẹ má dúró de ọjọ́ kẹwàá kó tó lọ gba abẹ́rẹ́. Ọmọ ajá tó pé oṣù mẹ́ta ti tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún.

Májèlé ni èkejì. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi Sniper tàbí òtápiápiá pa eégbọn lára ajá, tàbí kí wọ́n fọ́n ọn sí yàrá kí àlejò tó dé. Ajá tó bá lá a yóò máa gbọ̀n, itọ́ yóò máa dà, yóò sì máa yàgbẹ́. Ẹni tó wò ó lè rò pé ariwo ló bà á lẹ́rù. Ẹ wo ojú rẹ̀. Nínú ìbẹ̀rù, dúdú inú ẹyinjú máa ń fẹ̀. Nínú irú májèlé yìí, ó sábà máa ń kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ ìwẹ̀ fọ èyí tó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò oògùn náà dání. Ẹ má ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu; ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Àwọn yòókù tí kò gba ìdúró:

- Akọ ológbò tó ń lọ sórí iyanrìn tó ń tọ̀ sí lemọ́lemọ́, tó ń fún ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń ké, tí ìtọ̀ kò sì jáde. Àwọn èèyàn máa ń rò pé inú ló kì í. Ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló dí, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ìdààmú inú ilé wà lára ohun tó máa ń mú àpò ìtọ̀ ológbò wú títí tí yóò fi dí.
- Ológbò tí kò fẹnu kan oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, pàápàá èyí tó sanra. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́.
- Ajá tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bí ẹlẹ́rìndòdò kóòkì. Àìsàn tí eégbọn ń gbé kiri ló sábà máa ń jẹ́.
- Ọmọ ajá tó ń bì, tí ìgbẹ́ rẹ̀ sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú.

Ní Ìlọrin, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin wà fún irú èyí. Ẹni tó wà ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí Ìgbàjà, kó béèrè dókítà ẹranko ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kó sì ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù kí wàhálà tó dé.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wá ohun tó yí padà

Bí kì í bá ṣe àìsàn, ẹ jókòó, kí ẹ ka ọjọ́ 14 sẹ́yìn. Kí ló yí padà nínú ilé? Ìjà àti ọ̀fọ̀ kì í ṣòro rántí. Àwọn ohun kéékèèké ló máa ń fara pamọ́: jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sún mọ́ ibi tí ajá ń sùn, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fún un lóúnjẹ tó ti padà sílé, ọmọ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé, ọ̀dà tuntun, àlejò tó gba yàrá tí ológbò ń sùn sí, ológbò aládùúgbò tó ń wá tọ̀ sójú fèrèsé.

Àwẹ̀ Ramadan wà lára rẹ̀, a kì í sì í rò ó. Ilé tó máa ń sùn títí di aago mẹ́fà yóò máa jí ní aago mẹ́rin sí sààrì, iná yóò tàn, ìkòkò yóò dún, àjísààrì yóò máa lu ìlù kọjá lójú títì, ìṣínu yóò sì fa oúnjẹ alẹ́ sí àsìkò mìíràn. Ajá tó ń jẹun ní aago méje àárọ̀ lè máà rí nǹkan kan jẹ títí di alẹ́, torí pé ẹnikẹ́ni kò wọ kíṣìnì lójú ọjọ́. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa fún un lóúnjẹ ní àsìkò rẹ̀ àtijọ́ láti ọjọ́ kìíní àwẹ̀ dé ọjọ́ ìtúnu.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ara wọn

Ìbẹ̀rù ajá máa ń gun òkè díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ní “ó kàn bù mí jẹ ni” kò rí ìpele ìsàlẹ̀. Ní ìpele kìíní, yóò máa lá imú nígbà tí kò sí oúnjẹ, yóò máa yán nígbà tí oorun kò kùn ún, yóò yí orí kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń pariwo, funfun ojú rẹ̀ yóò hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni etí yóò lẹ̀ mọ́ orí, ìrù yóò wọ àárín itan, ara yóò rẹlẹ̀. Bí wàhálà kò bá tán, yóò máa rìn lọ rìn bọ̀, yóò máa tẹ̀ lé ẹnì kan láti yàrá dé yàrá, kò ní jẹun, irun rẹ̀ yóò máa já ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìpele tó kẹ́yìn: ara rẹ̀ yóò le gbagidi, kò ní mira, yóò sì máa kùn. Bí ara bá ti le bẹ́ẹ̀, ẹ dúró, ẹ má sún mọ́ ọn mọ́. Ìrù tó ń jù kò túmọ̀ sí ayọ̀ nígbà gbogbo. Ìrù tó nà sókè tó le, tó ń jù kíákíá, ti ìmúra ìjà ni.

Ẹ má na ajá nítorí pé ó kùn. Kíkùn ni ìkìlọ̀ rẹ̀. Ajá tí wọ́n ti nà jáde kúrò nínú kíkùn yóò máa buni jẹ láìkìlọ̀, irú ajá bẹ́ẹ̀ sì léwu gan-an nínú ilé tí ọmọdé wà.

Ohun kan tún wà tó máa ń fa ìyà tí kò tọ́. A wọlé, a rí ìbàjẹ́, ajá dojú bolẹ̀, a ní, “Ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi.” Ní 2009, Alexandra Horowitz, onímọ̀ nípa ìwà ajá ní Barnard College ní New York, dán an wò. Ojú ẹlẹ́bi yẹn máa ń hàn bí olówó ajá bá ti bá a wí, yálà ajá náà jẹ oúnjẹ tí wọ́n kà léèwọ̀ fún un tàbí kò jẹ ẹ́. Ojú wa ló ń kà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló ń rántí. Bákan náà ni ajá tó sùn kalẹ̀ tó tọ̀ sára nígbà tí ẹ jágbe mọ́ ọn: ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹ nu ilẹ̀, ẹ kọjá.

Ológbò ní tirẹ̀ kì í pariwo. Ó máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́ńbọ́ọ̀dù, ó máa ń jẹun lóru nìkan, etí rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó máa ń ká ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ ara bíi pé ó fẹ́ sá lọ nígbàkígbà. Àwọn kan máa ń lá ikùn àti inú itan wọn títí irun ibẹ̀ yóò fi pa. Ìtọ̀ rẹ̀ ní oríṣi méjì, ẹ má dà wọ́n pọ̀: bó bá dẹ ẹ̀yìn kọ ògiri tí ìrù rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ó ń sàmì sí ààyè rẹ̀ ni, ó rí abánidíje; bó bá bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ tó tọ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí aṣọ tàbí bẹ́ẹ̀dì, àpò ìtọ̀ lè máa dùn ún, tàbí kí ibi ìtọ̀ rẹ̀ má tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kó máa hùn kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ kò sì túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ yá. Ológbò máa ń hùn nínú ìrora náà.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí ketekete: ológbò tó ń ké lóru lẹ́yìn ikú ẹnì kan nínú ilé kì í ṣe àjẹ́, ajá tó ń hu kì í sì í ṣe òun ló ń pe ikú wá. Ẹsẹ̀ tó máa ń gbọ́, òórùn tó mọ̀, ọwọ́ tó ń fún un lóúnjẹ, gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn tó lé ẹranko bẹ́ẹ̀ jáde tàbí tí wọ́n pa á, ẹ̀dá tó ń ṣọ̀fọ̀ pẹ̀lú wọn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Díẹ̀ nípa àwọn mìíràn. Àgbò Iléyá tí ẹ rà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ọdún máa ń ké tọ̀sán tòru nítorí pé agbo ni àgùntàn ń gbé, dídá wà ń dà á láàmú. Bí ẹ bá lè so ó sí ibi tí yóò ti máa rí àgùntàn tàbí ewúrẹ́ mìíràn, tó ní ibòji àti omi, yóò rọlẹ̀. Adìyẹ tí ìpayà bá mú lè dín yíyé ẹyin kù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: nígbà tí ìjà bá ń lọ lọ́wọ́

Ẹni tí kò sí nínú ìjà náà ni kó mú ẹranko kúrò. Kó má pariwo orúkọ rẹ̀, kó má sì gbá a mọ́ra tipátipá. Kó ṣí ilẹ̀kùn ibi tó dákẹ́, kó rìn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó ju ẹja gbígbẹ díẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ajá tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tí ẹ̀rù bà dé góńgó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ìpè kò wọ̀ ọ́ létí mọ́, nítorí náà ẹ má kà á sí àìgbọ́ràn.

Ajá tó bá bọ́ sáàárín ẹni méjì tó ń jà, tó ń gbó, kò yan ẹnì kan. Ó fẹ́ kí wọ́n jìnnà síra ni. Kí àwọn méjèèjì dúró, kí wọ́n yí ẹ̀gbẹ́ sí i, kí wọ́n má wò ó lójú, yóò kúrò.

Ológbò tí ariwo bà lójijì lè fò mọ́ ẹni tó sún mọ́ ọn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ tó fẹ́ràn jù. Ẹ pa iná yàrá náà, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi í sílẹ̀. Ó lè gbà á ní wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn odidi ọjọ́ kan, kó tó padà sípò. Ẹni tó lọ gbé e láti tù ú nínú ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni èékánná máa ń ya.

Bí ẹnì kan nínú ilé bá ń na ẹranko tàbí tó ń halẹ̀ pé òun yóò pa á kí ìyàwó tàbí ọmọ lè bẹ̀rù òun, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti ẹranko. Ẹ wá àgbà tó lè dá sí i, tàbí ọlọ́pàá, kí ẹ sì kó ẹranko náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣe ibi ìsádi fún un

Ẹ ṣe é kí wàhálà tó dé, kó lè ti mọ̀ ọ́n. Fún ológbò, páálí tó gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà tó sì fẹ̀ tó 30 ti tó. Páálí Indomie sábà máa ń tó. Ẹ gé ojú méjì sí i, ọ̀kan fún àbáwọlé, ọ̀kan fún àbájáde, torí pé ológbò tí kò rí ọ̀nà méjì kò ní fara mọ́ ibẹ̀. Ẹ tẹ́ ìró tàbí ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti wọ̀ tí ẹ kò tíì fọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ gbé e sókè, sórí kọ́ńbọ́ọ̀dù tàbí tábìlì, ibi tí yóò ti máa wo ilẹ̀. Bàsíà iyanrìn ìtọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí oúnjẹ. Kí iyanrìn náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí méje, ẹ kó ìgbẹ́ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ológbò méjì, bàsíà mẹ́ta: ọ̀kan fún ìkọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan ṣẹ́kù. Ilé tó ní bàsíà kan fún ológbò mẹ́ta ni ìtọ̀ orí bẹ́ẹ̀dì máa ń pọ̀ sí jù.

Fún ajá, yàrá ẹ̀yìn tàbí ìta tó ní ibòji, tó jìnnà sí géètì àti sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo fèrèsé, ẹ tan fáànù tàbí rédíò sílẹ̀ díẹ̀ kí ìró rẹ̀ lè bo ti ìta. Ẹ má so ó mọ́ ṣéènì níbẹ̀. Ajá tó ń bẹ̀rù ní ọ̀nà méjì, kó sá tàbí kó jà. Bí ṣéènì bá ti gba sísá lọ́wọ́ rẹ̀, jíjà ló kù. Lílé ọmọdé àti àlejò kúrò níbẹ̀ kò ṣeé fi falẹ̀. A kì í sì í fi ibi ìsádi jẹ ẹ́ níyà láé. Bí ẹ bá ti tì í mọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹ̀ṣẹ̀, ibẹ̀ ti bàjẹ́ lójú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: oúnjẹ, omi, ìrìn

Aago kan náà, abọ́ kan náà, ẹnì kan náà. Ẹranko tí ohun gbogbo ti yí padà fún nílò ohun mẹ́ta tí kò yí. Ajá nílò omi tó 50 sí 60 mílílítà fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ajá kílò 10 yóò mu píọ̀ wọ́tà kan ó lé díẹ̀, yóò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò ooru. Bí kò bá jẹun, ẹ gbé abọ́ náà kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tún gbé e wá ní àsìkò tó kàn. Ẹ má máa yí oúnjẹ padà lójoojúmọ́ láti tàn án; ìyẹn máa ń dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀ lórí ìdààmú. Ọbẹ̀ tó ní àlùbọ́sà kò dára fún ajá tàbí ológbò, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́. Egungun tí a ti sè máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun.

Ẹ mú ajá rìn ní ìdájí tàbí ìrọ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí ẹ sì jẹ́ kó máa fi imú gbóòórùn bó bá ṣe wù ú. Ní ọjọ́ tí kò ṣeé jáde, ẹ fọ́n ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ sínú koríko ọgbà kó máa wá a. Ìwákiri yẹn máa ń mú ọkàn rẹ̀ rọlẹ̀ ju ìsáré lọ.

Àwọn àkókò tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù

Ọ̀fọ̀ àti àríyá jọra lójú ẹranko: kánópì, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àjèjì púpọ̀, géètì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìgbà yìí ni ajá máa ń sọnù jù. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìbátan ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ní àárọ̀ tí ẹ̀rọ ti ń dún. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ má fọ gbogbo aṣọ olóògbé lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ níbi tí ẹranko náà ń sùn. Kí ẹnì kan gba iṣẹ́ fífún un lóúnjẹ, kó má jẹ́ ẹni tó bá ráyè.

Bí ẹ bá ń kó kúrò nílé, ológbò kò gbọ́dọ̀ wọ inú àpò ìrẹsì, ajá kò sì gbọ́dọ̀ wọ bútù ọkọ̀. Ooru lè pa wọ́n láàárín Ìlọrin àti Àjàṣẹ́-Ìpo. Apẹ̀rẹ̀ tó ní ihò ni ti ológbò. Kí ó má jẹun ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú ìrìnàjò. Ní ilé tuntun, ẹ fi í sí yàrá kan ṣoṣo fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà inú ilé, kó má sì jáde síta títí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta yóò fi pé. Èyí tí ẹ bá tú sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní lè gbìyànjú láti padà sí ilé àtijọ́.

Bánńgà oṣù Kejìlá ni ẹ lè múra sílẹ̀ fún láti oṣù kẹwàá. Ẹ wá ìró bánńgà lórí fóònù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lohùn ìsàlẹ̀ débi tí ajá yóò kàn gbé etí sókè tí kò ní sá. Bí ìró bá ń dún, ẹ máa fún un ní ẹja díẹ̀díẹ̀. Bí ìró bá dáwọ́, kí ẹja náà dáwọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́ ti tó. Ẹ fi kún ohùn náà díẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò bẹ̀rù. Bó bá bẹ̀rù, ẹ ti sáré jù. Ẹ padà sí ohùn tó ti fara mọ́ tẹ́lẹ̀. Tí ẹ̀rù bá sì ń bà á gan-an ní alẹ́ ọdún, ẹ jókòó tì í, ẹ fọwọ́ pa á lára bó bá fẹ́. Àwọn kan ní èyí yóò kọ́ ọ ní ojo. Kò rí bẹ́ẹ̀, a kì í fi ìtùnú kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìbẹ̀rù.

Àwọn ọmọdé

Ọmọ tí ìjà àwọn òbí bà lọ́kàn jẹ́ máa ń sá tọ ajá lọ, yóò dì mọ́ ọn lọ́rùn, yóò fi ojú kan ojú. Ajá tí òun náà ń bẹ̀rù kò lè gba èyí, ojú ọmọ ni ó sì sún mọ́ eyín jù. Ẹ kọ́ wọn ní òfin mẹ́ta: a kì í lọ bá ajá níbi tó ti ń jẹun tàbí tó sùn; a máa ń pè é kó wá, a kì í lọ mú un; bó bá ń kùn tàbí tó ń sáré bọ̀, kí ọmọ dúró bí igi, kó ká ọwọ́ mọ́ra, kó máa wo ilẹ̀, kó má sáré. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, ẹ má fi òun àti ajá nìkan sílẹ̀ nínú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí ajá náà jẹ́jẹ́ tó.

Bó ṣe máa ń pẹ́ tó, àti ìgbà tí oògùn kàn

Ìpayà ariwo tàbí ìjà ẹ̀ẹ̀kan sábà máa ń rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ti ilé tuntun máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti ikú olówó ẹran lè gba oṣù. Ẹ fi ìwé ìgbésẹ̀ kìíní ṣe òṣùwọ̀n: kì í ṣe bóyá ó ń ṣeré ni kí ẹ wò, bí kò ṣe bóyá oúnjẹ, ìtọ̀ àti oorun rẹ̀ ti padà sí iye tó wà níbẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò sí ìyàtọ̀, tàbí tó ń họ ara rẹ̀ di egbò, tàbí tó ti bu ẹnì kan jẹ, ó ti di ti dókítà.

Oògùn tó ń mú ọkàn ẹranko balẹ̀ wà, dókítà ẹranko nìkan ló sì lè wọn ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn oorun tiyín. Parasitamọ́ọ̀lù, bó tilẹ̀ jẹ́ ìdajì hóró, lè pa ológbò. Ọtí tí àwọn kan máa ń fún ajá kó lè sùn lóru ọdún jẹ́ májèlé fún un.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ mú ìwé yẹn dání, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì ti fi fóònù ya fídíò ìwà náà fún ìdajì ìṣẹ́jú nílé, torí pé ẹranko kì í sábà ṣe lójú dókítà ohun tó ń ṣe nílé. Ẹ sọ òótọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé fún un. Kò pọn dandan kó mọ ohun tí ìjà náà dá lé lórí. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń wáyé sí, àti ibi tí ẹranko náà máa ń wà nígbà náà ni yóò lò.